Ọjọ́ Yèyé Ní Ẹkù

Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀ ní Ìkọ̀lé fún ìyá tó bí ìyá mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníwà tútù ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àlùfáà ń wàásù lọ. Ojú tì mí, nítorí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kọ ọ́, mo sì sọ pé ọwọ́ mi dí. Ẹni tó bá mi kọ ọ́ kò ṣe nǹkan burúkú, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo òkú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Yèyé bá lè dìde jókòó nínú pósí lọ́jọ́ náà, ohun tí ì bá kọ́kọ́ sọ ni pé irọ́ ni, kí wọ́n pa á rẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. N kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bí i, torí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò sì ka à sí. Rúùtù ni wọ́n sọ ọ́ ní ìbatisí, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Abúlé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìrèlé lọ sí Ìkọ̀lé, ilé rẹ̀ ló sì kángun sí oko. Epo pupa ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló ṣẹ́kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí, Ìbàdàn ni ìyá mi sì ń gbé. Èmi ni ọmọ-ọmọ tí wọ́n máa ń kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìsinmi ilé-ìwé, pẹ̀lú búrẹ́dì méjì àti ọṣẹ.

Bí epo bá jinná tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, Yèyé á fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kàn án, á gbé e sí imú, lẹ́yìn náà á fi ahọ́n lá a. Gbogbo obìnrin abúlé ló máa ń pè é kó wá bá wọn wo epo wọn. Bó bá jóná, á ní ó jóná. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, á sọ bẹ́ẹ̀, á nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé, á sì máa lọ sílé. Kì í bú èèyàn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé ọbẹ̀ tí òun sè fún Yèyé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ mú ọkọ wálé, Yèyé jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá mi kò gbàgbé títí di òní.

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí katikíìsì ìjọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tó kan Yèyé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè bóyá ìwàásù òun dùn mọ́ màmá. Yèyé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Jónà ti wọ ọkọ̀ ojú omi lòun ò ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Ìyá mi, tó wá kí wa lọ́sẹ̀ yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Ó bá Yèyé wí dé ilé. Ó ní kí ló dé tí kò kàn lè sọ pé ó dùn, kí àlàáfíà jọba. Yèyé jẹ́ kó wí tán, ó wá dáhùn: “Bí mo bá ní ó dùn, ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á gùn ju ti òní lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ní bó ṣe máa ń dá wà tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó máa ń bá iná sọ̀rọ̀. Bó bá ń dá iná ìdáná láàárọ̀, á bi í léèrè bóyá ó sùn dáadáa, á bá a wí bó bá ń ṣe èéfín. Mo rò pé eré ló ń ṣe fún mi. Nígbà tí mo dàgbà ni mo rò ó wò pé ọjọ́ tí n kò sí níbẹ̀ ńkọ́, iná náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ẹkù kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó dá wà. Kòtò ni ẹkù, wọ́n á fi òkúta tẹ́ inú rẹ̀ létí odò, wọ́n á sì da ẹyìn tí wọ́n ti sè sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin á bọ́ sínú kòtò náà, wọ́n á di ọ̀pá ìdábùú mú, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Bó bá fọ́ tán, wọ́n á darí omi odò wọnú rẹ̀, epo á léfòó sójú omi, wọ́n á sì bù ú lọ sórí iná. Láìsí omi, kò sí epo. Obìnrin méje ni wọ́n jọ ń ṣe àáró ní ẹkù tiwa. Lónìí wọ́n á tẹ ti ẹnìkan, ní ọjọ́ mìíràn ti ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Kò sí owó nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń san ẹsẹ̀. Oníkálukú ló ní ibi tó máa ń dúró sí nínú kòtò. Ẹ̀gbẹ́ òkúta ńlá tí omi ń gbà wọlé ni ààyè Yèyé, ibẹ̀ ló sì tutù jù lọ.

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni àjọ kan láti òkè òkun ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ran àwọn obìnrin oko lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ gbé wá, èyí tó ń gún ẹyìn tó sì ń fún epo rẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé nínú kíláàsì. Tíṣà Àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀ abúlé, èèyàn dáadáa ni, ó fẹ́ràn abúlé wa dé ọkàn. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú, àwọn obìnrin tó ń ṣe epo jókòó sẹ́yìn. Yèyé nawọ́, ó béèrè ibi tí omi á ti wá. Wọ́n dá a lóhùn pé omi ń bọ̀ ní ìpele kejì, kànga ẹ̀rọ ni wọ́n máa gbẹ́, tó bá ti hàn pé ìpele kìíní yọrí sí rere.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ẹ̀rọ náà sórí òkè, lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà, kí mọ́tò àwọn àlejò lè dé ibẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá sì lè ka pátákó tí wọ́n rì síwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ní abúlé wa mọ̀ pé etí odò ni ẹkù ń gbé. Àwọn tó mówó wá kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì fẹ́ já ẹ̀bùn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀rọ náà dára o, Yèyé fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí ẹsẹ̀ obìnrin méje ń tẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀rọ á gún un kí obì tó tán lẹ́nu. Àmọ́ kí ó tó gún un, wọ́n á ti pọn omi gun òkè títí ọrùn á fi wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ṣe é fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, láìpe ìpàdé kankan, oníkálukú padà sí ẹkù létí odò. Àwọn ewúrẹ́ ló gba ilé ẹ̀rọ.

Nígbà tí àwọn àlejò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo bí nǹkan ti ń lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, mo ń retí èsì ìdánwò lọ́dọ̀ Yèyé. Wọ́n gbá ilé ẹ̀rọ, wọ́n lé ewúrẹ́ jáde. Tíṣà Àgbà rán ènìyàn lọ ra epo ní Ìfisìn, ibi tó jìnnà tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí, wọ́n sì to kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un. Yèyé ni olórí àwọn obìnrin, òun ni yóò sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n mú láti ṣe ògbufọ̀, nítorí Ìbàdàn ni mo ti kàwé. Tíṣà Àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn sọ fún mi pé bí inú wọn bá dùn, kànga á dé, bí wọ́n bá bínú, omi lọ nìyẹn. Ó ní kí n rántí Ìyá Káyọ̀dé. Ọ̀rẹ́ Yèyé tímọ́tímọ́ ni Ìyá Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú obìnrin méje tó ń ṣe àáró ni, ìbàdí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti wọn ilẹ̀ kànga sí.

Obìnrin òyìnbó kan ni olórí àwọn àlejò náà. Ó ní ojú àánú. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ran àwọn màmá lọ́wọ́. Yèyé ti da epo díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ti nu ọwọ́ nù. Ó kọjú sí mi.

“Sọ fún un pé ẹ̀rọ wọn dára, ṣùgbọ́n éè ṣuṣẹ́. Orí òkè ni wọ́n gbé e sí, odò ni omi wà. Epo yìí, Ìfisìn ni wọ́n ti rà á. Ẹkù wa la ṣì ń tẹ̀.”

Mo wo Tíṣà Àgbà. Mo wo Ìyá Káyọ̀dé tó gbára lé ọ̀pá rẹ̀. Mo wá sọ ní èdè òyìnbó pé màmá ní ẹ̀rọ náà dára púpọ̀, wọ́n dúpẹ́, omi nìkan ló kù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Gbogbo èèyàn mí kanlẹ̀.

Yèyé ń wo ojú òyìnbó náà ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò bá mi wí. Ó rọra di obìnrin náà mú lọ́rùn ọwọ́, bó ṣe máa ń di mí mú bí a bá fẹ́ sọdá ọ̀nà ọ̀dà, ó sì fà á lọ sí ọ̀nà oko. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń tẹ̀ lé wọn sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí a fi dé etí odò. Ẹkù wà níbẹ̀, epo àná ṣì lẹ̀ mọ́ òkúta, ìhá ẹyìn tí wọ́n fún tán ṣì tutù nínú òkìtì, ipa ẹsẹ̀ àwọn obìnrin sì kún ẹ̀bá omi. Obìnrin náà wò ó títí. Kò nílò mi mọ́. Ṣùgbọ́n Yèyé ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, kí n má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀: “Bí mo bá ní ó dára, wọ́n á lọ gbé irú ẹ̀ sórí òkè fún ẹlòmíràn.”

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Kànga kò dé. A gbọ́ pé ibòmíràn ni wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó bá Yèyé jà, kò sí ẹni tó bú u. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá fẹ́ jẹ èèyàn níyà, wọ́n á kí i. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àárọ̀, ó parí. Ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà bó ṣe wà, àmọ́ ẹni tó jókòó tì í ti sún díẹ̀. N kò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ìyá Káyọ̀dé ṣì ń fi ìbàdí tó ń dùn ún yẹn pọn omi, ojoojúmọ́ ló sì ń kọjá lẹ́bàá ibi tí kànga ì bá wà. Nígbà tí àáró yípo dé ọjọ́ Yèyé, wọ́n fò ó. Wọ́n bọ́ sórí ti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Mo padà sí abúlé ní ìsinmi Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e. N kò bá Yèyé nílé. Mo lọ sí ẹkù, mo sì bá a nínú kòtò, òun nìkan, ó di ọ̀pá ìdábùú mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń tẹ ẹyìn. Ẹkù obìnrin méje ni. Ó tẹ apá kan, ó sún sí òmíràn, ó tún padà. N kò tíì rí nǹkan tó dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, títí di òní. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé tì í. Ó ní kí n ṣọ́ra, òkúta ń yọ̀.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé òun ṣì ń lọ bá àwọn yòókù tẹ tiwọn. Bó bá ti di ọjọ́ ẹnìkan nínú wọn, á jí, á lọ, á bọ́ sí ààyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Wọn kì í bá a sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í lé e. Inú bí mi. Mo bi í léèrè ohun tó ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò wá síbi tirẹ̀. Ó ní: “Ọjọ́ tiwọn ni mo lọ ṣe. Ọjọ́ tèmi, ọwọ́ wọn ló wà.”

Mo wá jẹ́wọ́. Mo sọ fún un pé mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níwájú òyìnbó lọ́jọ́ náà, pé èmi ni mo jẹ́ kó di dandan fún un láti fà á lọ́wọ́ lọ sódò lójú gbogbo ayé. Ẹkún ń gbọ̀n mí. Yèyé kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Mo mọ̀,” ó wí. “Ojú òyìnbó yẹn ni mo wò. Éè sí ẹni tó máa gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn tó máa rẹ́rìn-ín.”

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ríṣẹ́ sí Àbújá, ní ọ́fíìsì kan tó ń kọ ìròyìn nípa irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé la fi ń jẹun níbẹ̀. Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù wa tí a ti gbọ́dọ̀ kọ bóyá iṣẹ́ náà yọrí sí rere, mo sì ti kọ bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀ fún ohun tí n kò fi ojú rí. Láti ibẹ̀ ni mo ti wá ìròyìn abúlé tiwa kàn. Ìlà méjì péré ni. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kò tíì mọ ìlò ẹ̀rọ, àṣà àtijọ́ ló dì wọ́n mú. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí odò, kò sí Yèyé.

Nígbà tí mo délé mo sọ fún un. Mo rò pé á bínú, ó wù mí kó bínú. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa èkùrọ́ lọ. Ó wá béèrè bóyá òyìnbó yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní: “Èmi sọ tèmi.” Ó sì bi iná rẹ̀ léèrè ìdí tó fi ń ṣe èéfín.

Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ló kú, nígbà tí ẹyìn pọ̀ jù lọ, lójú oorun, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Akọ̀pẹ ti bẹ́ ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, ó ti kó o jọ sí ẹkù, ó fi ewé bò ó. Nígbà tí mo ti Àbújá dé, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹyìn náà á ti bàjẹ́. Mo fi àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ nílé, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sódò.

Mo bá wọn níbẹ̀. Gbogbo obìnrin àáró ló pé sí ẹkù, wọ́n ń tẹ ẹyìn rẹ̀. Ìyá Káyọ̀dé, tí kò lè wọ kòtò mọ́, jókòó lẹ́bàá iná, ó ń ṣọ́ epo. Ẹ̀gbẹ́ òkúta ńlá, níbi tí omi ń gbà wọlé, ṣófo. Ìyá Káyọ̀dé rí i pé mo dúró, kò sì jẹ́ kí n béèrè.

“Ọjọ́ rẹ̀ ni,” ó wí.

Inú mi kò dùn, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ bi í pé níbo ni wọ́n wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti bu epo díẹ̀ sínú igbá, ó tutù díẹ̀, ó nà án sí mi. Gbogbo wọn dúró. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kàn án, mo gbé e sí imú, mo lá a.

“Ṣé ó dára?” Ìyá Káyọ̀dé béèrè.

Wọ́n ń wò mí. Epo ìsìnkú Yèyé ni, òógùn ṣì wà lójú wọn.

“Ó jóná díẹ̀, mà,” ni mo wí.

Ìyá Káyọ̀dé gba igbá náà padà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. “Mo mọ̀,” ó wí. “Éè sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún wa mọ́.”

Ẹyìn ṣì kù nílẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ inú kòtò, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Omi ibẹ̀ tutù gan-an, Yèyé kò sì sọ ọ́ fún mi rí.